Gbígbé ajá láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù: ohun tí ẹ máa ṣe, àti ìgbà tí ẹ máa ṣe é

Láti Ìkẹjà dé Heathrow kò ju bíi wákàtí mẹ́fà àbọ̀ lọ nínú bàálù. Ajá tí ara rẹ̀ le á fara dà á. Orí ilẹ̀ ni wàhálà wà: ìwé, abẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀, àti ọjọ́ kíkà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń japa ló ń dúró kí físà jáde kí wọ́n tó rántí pé ajá ń bẹ nílé. Físà lè jáde láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìwé ajá ní tirẹ̀ kò lè pé kí oṣù mẹ́rin tó pé, kò sì sí ẹni tí ẹ lè fún ní ẹ̀gúnjẹ tí yóò sọ oṣù mẹ́rin di oṣù kan. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan ìwé físà pàápàá, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ti ajá. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ni mo máa ń dá fún ẹni tó bá bi mí.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀

Ẹ kọ́kọ́ wo irú ajá tí ẹ ní. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fàyè gba Pit Bull Terrier, Japanese Tosa, Dogo Argentino, Fila Brasileiro àti XL Bully. Ti XL Bully ló yẹ kí àwa ará Nàìjíríà fetí sí jù, torí American Bully, tí XL Bully jẹ́ irú rẹ̀ tó tóbi, ti gba ìgboro kan nílé wa. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2024, ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn ní XL Bully ní England àti Wales láìní ìwé ìyọ̀ǹda, àǹfààní àtigba ìwé náà sì ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ìrísí ajá ni wọ́n ń wò, kì í ṣe orúkọ tí ẹni tó tà á fún yín pè é. Bí orí rẹ̀ bá rí gìdìgbà, tí àyà rẹ̀ fẹ̀, tí gíga rẹ̀ sì tó ìwọ̀n tí wọ́n kọ sílẹ̀, àlàyé pé "American Bully lásán ni" kò ní gbà yín. Rottweiler, Boerboel, Caucasian àti Alsatian kò sí nínú òfin yẹn, àmọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù ní òfin tiwọn, ẹ bi wọ́n léèrè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Lhasa Apso, Pug, Boxer tàbí Bulldog, ẹ jókòó ẹ rò ó dáadáa. Imú ajá yín kúrú, ọ̀nà tí èémí ń gbà sì há. Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀. Èyí tí imú rẹ̀ kúrú, bí ooru bá ká a mọ́ inú kéèjì, á mí títí, ara kò ní tutù, ibẹ̀ ni òmíràn sì ń gbà kú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù kì í fi í gbé wọn sínú ẹrù rárá. Èyí tó bá sì máa gbé e á béèrè kéèjì tó fi ìdá kan nínú mẹ́wàá tóbi ju tàwọn yòókù lọ.

Ajá ìbílẹ̀ wa, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní ekuke, tí wọ́n tún ń fi bú ara wọn, ló rọrùn láti gbé jù. Imú rẹ̀ gùn, ara rẹ̀ fúyẹ́, ooru kì í ṣe àjèjì sí i.

Ajá tó ti darúgbó, tí ọkàn rẹ̀ tàbí èémí rẹ̀ ti ń ṣe ségesège, èmi ò ní gbé e. Ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí ajá náà mọ̀, kí ẹ máa fi owó oúnjẹ rẹ̀ ránṣẹ́.

Microchip ni àkọ́kọ́, kí abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tó tẹ̀ lé e

Gbogbo òfin yìí, orí àrùn dìgbòlugi ló dá lé. Ó wà nílẹ̀ wa, kò sí láàárín àwọn ajá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò sì fẹ́ kó padà wọlé. Kí ọdún 2012 tó dé, oṣù mẹ́fà gbáko ni ajá tó ń ti ilẹ̀ bíi tiwa dé fi ń wà ní àhámọ́. Ìwé àti àyẹ̀wò ló rọ́pò àhámọ́ náà, ẹ má sì jẹ́ kí ó sú yín.

Microchip kò ju hóró ìrẹsì lọ. Dókítà ẹranko á fi abẹ́rẹ́ gún un sí abẹ́ awọ, láàárín èjìká méjèèjì. Nọ́ńbà 15 ló wà nínú rẹ̀, òun náà sì ni orúkọ ajá yín lójú àwọn ará Heathrow. Ì báà jẹ́ Bínúkonú tàbí Tanímọ̀la lẹ̀ ń pè é nílé, ìyẹn kò kàn wọ́n. Ẹ má kúrò níbẹ̀ tí ẹ ò bá tíì rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Kí dókítà gbé ẹ̀rọ tó ń kà á sórí ẹ̀yìn ajá, kó máa rà á lọ díẹ̀díẹ̀ láti ọrùn sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀rọ náà á dún "píì", nọ́ńbà á yọ lójú rẹ̀. Kí ẹnì kan máa kà á sókè ní mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹlòmíràn máa wo ìwé. Ìgbà tí nọ́ńbà méjèèjì bá ṣe rẹ́gí ni kí ẹ tó jẹ́ kó mú abẹ́rẹ́ àjẹsára jáde.

Bí ètò yìí ṣe tẹ̀ léra ṣe pàtàkì ju ohunkóhun lọ. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tí wọ́n bá gún kí microchip tó wọlé, wọn ò kà á kún. Ọjọ́ kan náà ni ẹ lè ṣe méjèèjì, àmọ́ kí microchip ṣíwájú. Bí ajá yín ti ń gba abẹ́rẹ́ lọ́dọọdún láti kékeré láìní microchip, inú mi dùn sí yín, ṣùgbọ́n ẹ ó tún un gún.

Ajá tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 12 kò lè gba abẹ́rẹ́ yìí. Tí ẹ bá ro ọ̀sẹ̀ 12 yẹn pọ̀ mọ́ ìdúró tó kù, ẹ ó rí i pé ọmọ ajá kò lè wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti Nàìjíríà kó tó tó bí ọmọ oṣù méje. Ẹ má ra ọmọ ajá lónìí pé ẹ fẹ́ gbé e lọ lóṣù tó ń bọ̀.

Nínú káàdì abẹ́rẹ́, ẹ wò ó dáadáa pé orúkọ oògùn, nọ́ńbà ìpele tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tí wọ́n gún un àti ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa tán wà níbẹ̀, pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé dókítà. Bí ẹ kò bá mọ dókítà ẹranko kankan, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ti FUNAAB ní Abẹ́òkúta.

Ẹ̀jẹ̀, kí ẹ sì máa ka oṣù

Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ọkàn tán ní ti dìgbòlugi. Nítorí náà abẹ́rẹ́ nìkan kò tó. Wọ́n fẹ́ rí i nínú ẹ̀jẹ̀ pé abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́. Ó kéré tán, ọjọ́ 30 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni dókítà tó lè fa ẹ̀jẹ̀ ajá. Wọ́n á fi ẹ̀jẹ̀ náà ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fọwọ́ sí, èsì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tó 0.5 IU/ml, ó kéré tán. Lẹ́yìn èyí, ajá á dúró oṣù mẹ́ta.

Oṣù mẹ́ta yìí, ọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí èsì dé. Àwọn kan ti torí àìmọ èyí jókòó nílé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí kò yẹ kí wọ́n jókòó.

Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ilé-ẹ̀kọ́ yín ń wọlé ní oṣù Kẹsàn-án. Ẹ fi microchip àti abẹ́rẹ́ sí ọjọ́ 2 oṣù Kẹta. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ni ọjọ́ 30 pé, àmọ́ ẹ má sáré. Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ 7 kí ẹ tó fa ẹ̀jẹ̀, kí ara ajá lè rí àyè kó agbára jọ. Ọjọ́ 7 oṣù Keje ni oṣù mẹ́ta pé. Bí èsì bá wá já sí pé ẹ̀jẹ̀ kò tó ìwọ̀n, ẹ ṣì ní àyè láti gún abẹ́rẹ́ míì, kí ẹ fa ẹ̀jẹ̀ míì, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí ka oṣù. Àyè yẹn gan-an ni mo ń rò tí mo fi ń sọ oṣù mẹ́fà.

Bí ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọdọọdún bá bọ́ sáàárín ìdúró yìí, ẹ gún un kí ti àtijọ́ tó tán. Ọjọ́ kan péré tó bá fi kọjá, òfo ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà.

Ẹnìkan á wá sọ fún yín pé òun lè bá yín "ṣe" ìwé èsì ẹ̀jẹ̀ láìfa ẹ̀jẹ̀ kankan. Ẹ sá fún un. Yàrá àyẹ̀wò ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀, ẹni tó bá sì fura lè bi wọ́n. Ajá tí ìwé rẹ̀ kò bá pé lè wà ní àhámọ́ títí di oṣù mẹ́rin, ẹ̀yin lẹ ó sì máa san owó rẹ̀ lójoojúmọ́ ní pọ́n-ùn.

Kéèjì

Ìgbà tí ẹ bá ń ka oṣù mẹ́ta yìí ni ẹ máa wá kéèjì, ẹ má fi í di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Ìlànà IATA, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù lágbàáyé, ni gbogbo ilé-iṣẹ́ bàálù ń tẹ̀ lé. Ẹ mú tépù tí àwọn aránṣọ ń lò, kí ajá dìde dúró, kí ẹ wọn ọ̀nà mẹ́rin: láti ṣóńṣó imú dé ìdí ìrù, láti ilẹ̀ dé ìgúnpá ẹsẹ̀ iwájú, fífẹ̀ èjìká, àti láti ilẹ̀ dé òkè orí, tàbí dé ṣóńṣó etí bí etí rẹ̀ bá máa ń nà sókè. Gígùn kéèjì ni ti àkọ́kọ́ pẹ̀lú ìdajì ti èkejì. Fífẹ̀ rẹ̀ ni ti ẹ̀kẹta lọ́nà méjì. Gíga rẹ̀ ni ti ẹ̀kẹrin, kí ẹ ro nínípọn ohun tí ajá máa sùn lé mọ́ ọn.

Ajá tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 70, 30, 22 àti 58, kéèjì tirẹ̀ á gùn tó 85, á fẹ̀ tó 44, á ga tó 60. Ẹ wá wo ohun tó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu níbi ìsanwó. Ààyè tí kéèjì gbà ni ilé-iṣẹ́ ẹrù ń wò tó bá ti ju ìwọ̀n ajá àti kéèjì pọ̀ lọ: ẹ sọ gígùn di púpọ̀ pẹ̀lú fífẹ̀ àti gíga, kí ẹ fi 6,000 pín in. Kéèjì yìí á fún yín ní kílò 37 àti díẹ̀, bí ajá náà kò tiẹ̀ ju kílò 18 lọ. Ẹ má tìtorí èyí gé kéèjì kúrú o. Bí ajá kò bá lè dìde, kó yí padà, kó sì dùbúlẹ̀ wọ̀ọ̀, wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ yín.

Nọ́ọ̀tì irin ni kí wọ́n fi de òkè àti ìsàlẹ̀ pọ̀, kì í ṣe ìdè ike tó ń ṣí fúnra rẹ̀. Bó bá ní táyà, ẹ yọ ọ́. Kí atẹ́gùn máa wọlé ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí abọ́ omi àti ti oúnjẹ wà lára ilẹ̀kùn lọ́nà tí èèyàn fi lè bu omi sí i láti ìta láìṣílẹ̀kùn. Káfíńtà lè fi pákó kan án, òfin kò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ fi àwòrán àti ìwọ̀n rẹ̀ han ilé-iṣẹ́ bàálù kí káfíńtà tó gba owó.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Láti ọjọ́ tí kéèjì bá ti dé, ẹ gbé e sí pálọ̀, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ máa fún ajá lóúnjẹ nínú rẹ̀. Ẹ má tì í wọlé. Nígbà tó bá ti ń wọlé fúnra rẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ jókòó tì í, kí ẹ tó ṣí i. Ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi lè sùn mọ́jú nínú rẹ̀. Ariwo ẹ́ńjìnnì ni àwọn òyìnbó ń bẹ̀rù jù fún ajá wọn, àmọ́ ajá tó dàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ l'Ékòó ti kọjá ibẹ̀. Ohun tó ń dẹ́rù bà á ni kó dá wà pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì, nítorí náà ìyẹn ni kí ẹ fi kọ́ ọ.

Bàálù wo?

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba ajá wọlé nínú báàgì lábẹ́ àga bàálù, bó ti wù kó kéré tó, àfi ajá tó ń ran aláàbọ̀ ara lọ́wọ́. Ẹrù ni ajá máa bá wọlé, ní ọ̀nà tí ìjọba wọn fọwọ́ sí, pẹ̀lú ìwé ẹrù tirẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì yín lọ́tọ̀, tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ gba tirẹ̀ kí ẹ tó san tiyín, torí àyè tí bàálù kan ní fún ẹranko kì í pọ̀. Kí ìrìn-àjò yín àti tirẹ̀ má ju ọjọ́ márùn-ún síra, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á kà á sí ajá títà, ìwé rẹ̀ á sì yàtọ̀.

Ẹ yan bàálù tó ń lọ tààrà, kí ó sì jẹ́ ti alẹ́. Ibi tí wọ́n ń kó ẹranko sí nínú bàálù ní atẹ́gùn àti ìwọ̀n otútù bíi ti òkè níbi tí èèyàn jókòó sí. Orí kọnkéré pápá ọkọ̀ òfurufú ni ooru ti ń mú ajá, nígbà tí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ tó ń dúró de ìgbà tí wọ́n máa kó ẹrù. Ọ̀sán oṣù Kẹta ní Ìkẹjà kò ṣeé fi ajá sí. Bí ẹ bá gbà á ní ọ̀nà tó ń dúró, ìdúró orí kọnkéré ti di méjì nìyẹn.

Àwọn mìíràn máa ń gba Amsterdam tàbí Paris, torí àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù kan ń gbé ajá kékeré sínú bàálù pẹ̀lú olówó rẹ̀ lọ síbẹ̀. Láti ibẹ̀ wọ́n á fi mọ́tò gba Eurotunnel, ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé mọ́tò gba abẹ́ òkun, láti Calais dé Folkestone; ọkọ̀ ojú irin Eurostar kì í gbé ajá. Ó ṣeé ṣe, ó sì lè dín owó kù, àmọ́ ìwé Yúróòpù àti ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ máa ní lọ́wọ́. Ẹ má sì gbàgbé pé ajá kò nílò físà Schengen, ẹ̀yin lẹ nílò rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́wàá tó kẹ́yìn

Ìwé ẹ̀rí ìlera tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè, dókítà ẹranko tí ìjọba fọwọ́ sí ló ń fún ni, ọjọ́ mẹ́wàá péré ló sì ní kí ajá fi wọlé lẹ́yìn tí wọ́n bá buwọ́ lù ú. Ẹ̀yin náà á kọ ìwé, ẹ ó sì buwọ́ lù ú, pé ẹ kò fẹ́ ta ajá náà, ẹ kò sì fẹ́ gbé e fún ẹlòmíràn. Àjọ tó ń rí sí ohun ọ̀gbìn àti ẹranko tó ń wọlé tó ń jáde, NAQS, ní ọ́fíìsì ní pápákọ̀ Murtala Muhammed. Wọ́n á wo ajá àti ìwé rẹ̀ kí ó tó jáde. Ẹ lọ síbẹ̀ ṣáájú, ẹ má dúró de ọjọ́ ìrìn-àjò.

Lẹ́yìn náà ni oògùn aràn pẹlẹbẹ. Dókítà fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fún ajá ní oògùn tó ní praziquantel, kó sì kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ dín ní wákàtí 24, kò sì gbọ́dọ̀ ju wákàtí 120 lọ kí ajá tó wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí bàálù bá máa balẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú ni ẹ fi ṣe é. Bí bàálù bá wá sún síwájú di ọjọ́ Àìkú, oògùn ṣì wà láàárín wákàtí tí òfin là. Ẹni tó lo oògùn ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ajá bá lo oògùn, ẹ tẹ́ gbogbo ìwé sórí tábìlì kí ẹ fi ìka tọ nọ́ńbà microchip nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: káàdì abẹ́rẹ́, èsì ẹ̀jẹ̀, ìwé ìlera, ìwé ẹrù. 3 tó di 8 nínú ọ̀kan ṣoṣo lè dá ajá dúró.

Ọjọ́ ìrìn-àjò

Oúnjẹ díẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà ṣáájú, omi títí di ìgbà tó bá wọ kéèjì. Ẹ rìn ín dáadáa kó tọ̀, kó yàgbẹ́. Omi inú abọ́ kéèjì, ẹ fi sínú fírísà láti àná kó di yìnyín: kò ní dànù nígbà tí wọ́n bá ń gbé e, á sì máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ kó lè máa lá a. Ẹ tẹ́ ohun tó lè fa omi sísàlẹ̀, kí ẹ fi aṣọ yín kan tí ẹ ti wọ̀, tí ẹ kò tíì fọ̀, lé e. Orúkọ yín, fóònù yín ní Nàìjíríà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo rẹ̀ lára kéèjì, pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé nínú ọ̀rá.

Ẹ má fún un ní oògùn oorun. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á dá a lábàá, ó sì lè jẹ́ èèyàn yín tó fẹ́ ire. Oògùn oorun ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó ń dín mímí kù, kì í sì í jẹ́ kí ajá lè ṣàkóso ooru ara rẹ̀ tàbí kó gbára dúró nígbà tí kéèjì bá ń mì. Kò sí ẹni tó máa wà pẹ̀lú rẹ̀ níbẹ̀ láti rí i bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ bàálù tó bá fura pé ajá ti mu ún lè kọ̀ ọ́.

Ẹ̀ka ẹrù ni ẹ máa gbé e lọ, kì í ṣe ibi tí èrò ń gbà wọlé, ẹ ó sì ti débẹ̀ ní wákàtí mélòó kan ṣáájú.

Ní Heathrow

Ẹ má dúró níbi tí àpótí ti ń yí. Wọ́n á gbé ajá láti abẹ́ bàálù lọ sí Heathrow Animal Reception Centre, tí ìjọba ìbílẹ̀ City of London ń bójú tó, níta àwọn tẹ́mínà. Wọ́n á ka microchip, wọ́n á wo ìwé, wọ́n á fún un lómi. Ó ń gba wákàtí mélòó kan, nítorí náà ẹ jẹun, ẹ sinmi, ẹ má pe mọ́tò sílẹ̀ tó ń ka owó. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó lọ gbé níbẹ̀, ẹ kọ fọ́ọ̀mù ToR1 sí HMRC, àjọ agbowó orí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ tó kúrò nílé, kí wọ́n má bàa gba owó orí lórí ajá tiyín.

Àwọn tó ń lọ sí Amẹ́ríkà, òfin tiyín yàtọ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ajá gbọ́dọ̀ ti pé oṣù mẹ́fà, kó ní microchip, kó sì ní fọ́ọ̀mù CDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n kà sí eléwu ní ti dìgbòlugi, torí náà àwọn pápákọ̀ tí CDC yàn nìkan ni ajá tó gba abẹ́rẹ́ nílé wa lè bà sí, bíi JFK ní New York, Atlanta àti Dulles. Bí kò bá ní èsì ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, ọjọ́ 28 ní àhámọ́.

Kí ẹ tó gba ilé ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ bi onílé bóyá ó gba ajá. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gbà á. Ajá tó bá jáde síta gbọ́dọ̀ ní orúkọ àti àdírẹ́sì yín lára okùn ọrùn rẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà microchip rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ ní ọ̀kan nínú àwọn àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń lò níbẹ̀, pẹ̀lú fóònù tuntun yín, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tó ń bọ̀ máa bọ́ sí sórí kàlẹ́ńdà, bí ẹ bá ní in lọ́kàn láti tún gbé e rìnrìn àjò.